Ṣúgà Inú Ẹ̀wà Tí Ń Mú Inú Kùn: Bí Ilé Àyẹ̀wò Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pa ẹ̀wà tì nítorí pé inú wọn máa ń wú, tí ó sì máa ń kùn, bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀wà wà lára oúnjẹ tí ń fún ara ní èròjà amáradàgbà láìná owó ẹran. Kí ni ohun tí ń fa ìnira náà? Báwo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ohun tí ó wà nínú ẹ̀wà

Oríṣi ṣúgà méjì kan wà nínú ẹ̀wà, orúkọ wọn ni raffinose àti stachyose. Ara ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tí ó lè gé wọn sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun kékeré. Nítorí náà, wọn a kọjá sínú ìfun ńlá láìdà. Níbẹ̀ ni àwọn bakitéríà ti ń mú kí wọ́n kan, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń kan nínú omi rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni yóò jáde níbẹ̀, pàápàá háídírójìn, pẹ̀lú àwọn ásíìdì bíi acetate, propionate àti butyrate. Butyrate yìí sì ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ògiri ìfun ńlá. Kíkan náà ní àǹfààní. Àpọ̀jù afẹ́fẹ́ ni ó ń ni àwọn kan lára.

Ní ọdún 2005, Peter Gibson àti Sue Shepherd ti Yunifásítì Monash, ní ìlú Melbourne ní Australia, kó irú àwọn ṣúgà báyìí jọ lábẹ́ orúkọ kan: FODMAP. Jane Muir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan náà sì gbé ìwọ̀n wọn nínú ẹ̀fọ́ àti èso jáde ní ọdún 2007 àti 2009.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

1. Wọ́n á mú kí oúnjẹ náà dì bíi yìnyín, wọ́n á fa omi ara rẹ̀ jáde nínú òtútù, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná.

2. Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Ṣúgà wọ̀nyí yóò yòrò sínú omi. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kù yóò dúró sórí asẹ́.

3. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní HPLC yóò fi agbára ti omi náà gba inú ọ̀pá tóóró kan. Bí àwọn arìnrìn-àjò tí ó jọ gbéra ṣùgbọ́n tí wọn kò jọ dé, ṣúgà kọ̀ọ̀kan yóò jáde ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà á ya àwòrán òkè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òkè náà bá ṣe tóbi tó ni ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó.

4. Fructan inú àlùbọ́sà, ààyù àti àlìkámà yàtọ̀, nítorí pé gígùn rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n fi ń gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó ka ṣúgà tí ó já sí.

5. Láti mọ bí oúnjẹ ṣe ń kan, wọ́n á fi í pẹ̀lú ìgbẹ́ ènìyàn sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ òde kò lè wọ̀, ní ìwọ̀n ooru 37, wọ́n á sì wọ̀n afẹ́fẹ́ àti ásíìdì tí ó jáde.

Àyẹ̀wò èémí náà wà. Ẹni tí ó ti gbààwẹ̀ mọ́jú yóò mu ṣúgà kan, bíi ti wàrà. Bí háídírójìn inú èémí rẹ̀ bá fi 20 nínú mílíọ̀nù kan ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ó jẹ́ àmì pé bakitéríà ti dé ìdí ṣúgà náà.

Ẹ̀kọ́ fún ilé ìdáná

Omi tí ilé àyẹ̀wò fi ń fa ṣúgà yìí jáde wà lọ́wọ́ àwa náà. Ẹni tí ó bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí ó da omi rẹ̀ nù, tí ó sì fi omi mìíràn sè é, ti dín ṣúgà náà kù, bí kò tilẹ̀ tán pátápátá. Díẹ̀ nínú fítámì inú rẹ̀ yóò bá omi náà lọ, ṣùgbọ́n èyí sàn ju kí a pa ẹ̀wà tì lọ. Kí ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ pẹ́ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí inú rírun kò bá lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí ènìyàn bá ń rù láìnídìí, kí ó má ṣe di ẹ̀bi náà ru ẹ̀wà. Kí ó tètè lọ rí dókítà.