Kí Ọkọ̀ Tó Ṣí ní Èbúté

Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lálẹ́ àná, ìyá rẹ ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé: pé èdè Faransé ti ń yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, àti pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ziguinchor. Gbogbo ilé hó fún ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ nìkan ni oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó wá bíírò lọ. Òun ló ń kọ̀wé sí ọ yìí.

Ará Ifẹ̀ kì í ṣe ará etí òkun. Lóòótọ́, ìtàn ilé wa sọ pé omi ló bo gbogbo ayé kí Odùduwà tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, tí àkùkọ sì tàn án ká. Igbó Olókun náà wà níbí, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ díngí, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀ jìnnà sí wa. Ọmọ tó dàgbà sí Ifẹ̀ lè máa bẹ̀rù ìjì, kó má sì mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù kí ìjì tó dé. Ìyẹn ni lẹ́tà yìí fẹ́ bá ọ sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Le Joola ṣí ní èbúté Ziguinchor, ó forí lé Dakar. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà ló ni ín, àwọn ọmọ ogun ojú omi ló sì ń tù ú. Jámánì ni wọ́n ti kàn án, kò sì tíì gbó: ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é. Inú oṣù yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn tó ti wà nílẹ̀ fún àtúnṣe ju ọdún kan lọ. Àwọn èrò ti ń retí rẹ̀. Ilé ìwé fẹ́ wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn. Àwọn obìnrin oníṣòwò sì di ẹrù oko dání. Ọ̀nà ilẹ̀ kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, torí ìjà abẹ́lé ti ń lọ ní Casamance, agbègbè tí Ziguinchor wà, láti ọdún 1982, ilẹ̀ Gambia sì tún dábùú ọ̀nà Dakar. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní erékùṣù Karabane, àwọn mìíràn tún wọ̀ ọ́.

Ènìyàn 580 ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó máa gbé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,900.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ìjì ká wọn mọ́ ojú òkun níwájú etíkun Gambia. Afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, kò sì lè nàró mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dojú dé. Kò sí àyè láti sọ ọkọ̀ ìgbàlà kalẹ̀. Àwọn tó bọ́ síta rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn tó há sínú ṣe ń lù ú láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ kí ìrànwọ́ ìjọba tó dé; àwọn apẹja ló ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ onígi wọn yọ àwọn ènìyàn. Ènìyàn 1,863 ló bá a lọ. Àwọn 64 ló yè. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin tó wọ ọkọ̀ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló jáde láàyè, oyún sì wà nínú rẹ̀. Titanic tí gbogbo ayé ń sọ láti ọdún 1912, nǹkan bí 1,500 ló pa.

Ìjì náà le, àmọ́ òkun Sẹ̀nẹ̀gà kì í ṣàìní ìjì lásìkò òjò; kì í ṣe ìjì nìkan ló da ọkọ̀ náà nù. Ìwọ ṣáà mọ gbégilódò tó ń gba ọ̀nà Oǹdó wọ Ifẹ̀. Bí igi bá ga jù lórí rẹ̀, kòtò kékeré ló máa dà á nù. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun: ẹrù gbọ́dọ̀ wúwo nísàlẹ̀, kó fúyẹ́ lókè. Bí ìsàlẹ̀ bá há, tó gbóná, èrò á gòkè lọ gba atẹ́gùn. Òkè á wá wúwo. Bí òjò bá tún ń na ẹ̀gbẹ́ kan, tí gbogbo wọn sì wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn gan-an ni wọ́n ń bá ìgbì ti ọkọ̀ náà ṣubú. Abdoulaye Wade, tó jẹ́ Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà nígbà náà, fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀bi ìjọba wà nínú ọ̀ràn Le Joola.

Má rò pé ti òkèèrè nìkan nìyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ń ti òde ìgbéyàwó bọ̀ kún inú ọkọ̀ onígi kan fọ́fọ́ lóru lórí Odò Ọya, lágbègbè Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Odò lásán nìyẹn, kì í ṣe òkun.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kò ní kí o má lọ. Láti ọdún 2008 ni ọkọ̀ mìíràn, Aline Sitoé Diatta, ti wà lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n tí o bá dé èbúté, wo ọkọ̀ kí o tó wo òkun. Ṣé ó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé èrò dúró síbi tó yẹ kí wọ́n máa gbà kọjá? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì wọlé? Wá ibi tí ẹ̀wù tó ń múni léfòó wà, kà wọ́n, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọ̀kan wò. Rin ọ̀nà láti ibi tí o máa sùn dé ìta lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹsẹ̀ rẹ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Bí ìjì bá dé, wọ ẹ̀wù náà, dúró níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bá ní kí o dúró, má bá èrò sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí èrò bá sì ti pọ̀ jù, sọ̀ kalẹ̀. Èyí ló máa nira jù fún ọ. Owó ti lọ, ẹrù ti wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa wò ọ́ bí ojo. Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ á fi owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kankan.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, pe ìyá rẹ. Má kàn sọ fún un pé kò séwu. Sọ iye ẹ̀wù tí o kà fún un, àti ibi tí ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ ọ jù wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti jókòó tì í, pẹ̀lú bíírò yìí lọ́wọ́, láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.