Bí Ọmọ Ẹyẹlé Ṣe Ń Hu Ìyẹ́ Tó Fi Ń Fò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú mọ̀. Bí ẹ bá ń gba Àrẹ̀mọ lọ sí Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn, ẹ gbójú sókè wo àwọn òrùlé páànù: ẹ óò rí ẹyẹlé. Ẹyin méjì ló sábà máa ń yé; takọtabo wọn ló sì ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 18. Bí ọmọ adìyẹ bá ti jáde, kì í pẹ́ tí yóò fi máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kiri. Ọmọ ẹyẹlé kò rí bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ ṣì dì, irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ló wà lára rẹ̀. Ṣé ìyàtọ̀ yẹn yé yín?

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan, ohun ṣóńṣó dúdú a yọ lápá rẹ̀. Ẹ lè máa bi ara yín pé, ṣé ìyẹ́ rèé? Ìyẹ́ ni, àmọ́ ó ṣì wà nínú akọ̀ bí idà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ inú akọ̀ yìí láti bọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fà á, nítorí bó bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa dà. Nígbà tí ìyẹ́ bá gbó, ẹ̀jẹ̀ a fà sẹ́yìn, akọ̀ a gbẹ, a sì fọ́ dànù. Ẹ̀ka tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀pá ìyẹ́ a wá tú jáde, ìkọ́ wínníwínní a sì so wọ́n pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gba àárín wọn kọjá. Ẹ mú ìyẹ́ tó já bọ́ nílẹ̀, ẹ ya á, kí ẹ fi ìka fà á láti ìdí lọ sí orí: yóò tún lẹ̀ mọ́ra. Ẹ dán an wò ká tó tẹ̀ síwájú.

Ó wá ku fífò. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìyá ẹyẹ ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 1939, Grohmann, onímọ̀ ará Jámánì, ròyìn pé òun tọ́ ọmọ ẹyẹlé nínú ọ̀pá tóóró tí wọn kò ti ráyè ju apá. Nígbà tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n fò bíi ti ẹgbẹ́ wọn tó ti ń ju apá nínú ìtẹ́. Ara ló ní láti kọ́kọ́ gbó: ìyẹ́ a gùn, iṣan àyà a le. Ṣé ẹ ṣì ń bá mi bọ̀?

Ẹ óò ní, ṣé kò wá sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ni? Ó wà. Bíbà lórí nǹkan gba ìdánrawò, mímọ ọ̀nà ilé náà sì gbà á. Nígbà tí ọmọ ẹyẹlé bá pé bí oṣù kan, tó kọ́kọ́ fò dé orí páànù, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀, a sì tún ju apá kó má bàa ṣubú. Bí ẹ bá rí i, ẹ má lé e: bàbá rẹ̀ ṣì lè wá bá a níbẹ̀, kó fún un lóúnjẹ.