Oko Tí A Rí Nǹkan Nínú Rẹ̀: Kí Ni Kí Onígbàgbọ́ Ṣe?

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 25:1-7 àti 18-22, Jóṣúà 7, Mátíù 4:5-7.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀. Àsìkò yìí ni wọ́n máa ń wá pe àwa àgbà ìjọ pé, "Bàbá, ẹ wá wo ohun tí mo rí nínú ebè." Nígbà mìíràn ìkòkò kékeré ni tí wọ́n fi aṣọ pupa dì lẹ́nu, nígbà mìíràn àdó ni, tàbí ẹyin tí wọ́n rì sí ìdí igi. A ó gbàdúrà, a ó hú u kúrò. Bí Ẹ̀mí bá wá wí pé kí a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìgbin nǹkan sí i, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí olóko kì í fẹ́ gbọ́. Ìjà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa.

Kí á kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ààlè yàtọ̀. Ṣúkù àgbàdo, àkísà, ìkarahun ìgbín àti àjákù bàtà tí ẹ ń rí létí oko, olóko ló so ó kí olè má baà wọlé. Ojú ọ̀nà ló wà, gbogbo ayé ló ń rí i. (Ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ so ó, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Èyí tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóru. Kì í sábà wá bí kò bá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nídìí rẹ̀: ọmọ bàbá kan náà, ààlà tí wọ́n yí, ogún tí a kò pín tán.

Olóko tó ṣòro jù láti bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Onígbàgbọ́ ni. Á ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ Jésù kò lágbára ju ìkòkò lọ ni? Bí mo bá fi oko sílẹ̀, mo ti gbà pé Sátánì ló ni ín nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó ti pa mí lẹ́nu mọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka Mátíù 4. Sátánì mú Olúwa lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì pé kó bẹ́ sílẹ̀, ó tilẹ̀ ka Sáàmù sí i. Jésù mọ̀ pé àwọn áńgẹ́lì lè gbé òun, síbẹ̀ kò bẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á. Kò fẹ́ dán Baba wò ni. Ẹni tí Ẹ̀mí ti kìlọ̀ fún tó sì gbé ọkọ́ lọ, bíbẹ́ ló bẹ́ yẹn. Ẹ wo Ákánì náà. Abẹ́ ilẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀ ló rì ohun ìyàsọ́tọ̀ mọ́, ojú ẹnikẹ́ni kò tó o, síbẹ̀ nǹkan bí ọkùnrin 36 kú ní Áì láìmọ ohun tó fà á.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó kàwé a máa rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọ́n ní ohun tí a kò rí, báwo ni yóò ṣe pa ni? Mo máa ń rán wọn létí oògùn òwú. Ní ọdún 2000, ní Maregourou nílẹ̀ Ìbàrìbá lókè lọ́hùn-ún, ọmọkùnrin mẹ́ta ń ro oko òwú bàbá wọn tí àgbàdo wà láàárín rẹ̀. Bàbá wọn ti fọ́n endosulfan sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ kò mọ̀. Ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọ̀kan nínú wọn kú ní ilé ìwòsàn Bembèrèkè. Ní ọdún 2011 ni àdéhùn àgbáyé fòfin de oògùn náà. N kò wí pé ohun kan náà ni oògùn òwú àti oògùn inú ìkòkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni èdè wa fún àwọn méjèèjì. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó mọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ìwọ olóko, o mọ ohun tí a hú níbẹ̀. Ìyá tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ lọ́jà kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ mẹ́fà, oko bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a hú nǹkan níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a, iná ọ̀run àpáàdì ni mo fi dẹ́rù bà á. Ó dá mi lóhùn pé, "Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ ó bọ́ àwọn ọmọ mi?" Mo bínú, mo jáde. Ó gbin àgbàdo àti ẹ̀wà. Ẹ gbọ́ o, àgbàdo náà ṣe dáadáa! Ó ju tèmi lọ. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà ilé àdúrà, àwọn ará sì ń wo ojú mi. Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú àdá. Ìka méjì ló fi síbẹ̀. Ṣé ìkòkò ló ṣe é ni, àbí ìbínú tó wà lórí ilẹ̀ náà? N kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé bí oko bá ṣófo, kò sí ohun tí wọn ìbá wá kó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún Léfítíkù 25 kà, mo sì rí ohun tí mo ti ń fò dá. Ọlọ́run pàṣẹ kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Ní ẹsẹ 20, Òun tìkára rẹ̀ ló dárúkọ ìbéèrè arákùnrin yẹn: bí a kò bá gbìn, kí ni a ó jẹ? Kò bínú sí i bí mo ṣe bínú. Ó ní èso ọdún kẹfà yóò tó ọdún mẹ́ta jẹ. Oúnjẹ ti wà lórí àká kí ìsinmi tó dé. Èmi gbé àṣẹ lọ, n kò gbé oúnjẹ lọ.

Báyìí ni a ń ṣe é ní ìjọ wa nísinsìnyí. Àgbà méjì ni yóò lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a kì í sọ ọ́ láàárín ìjọ. Wọn ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó pẹ̀lú, torí òun ló mọ iye tó kù lórí àká. Kí wọ́n tó dárúkọ oko náà rárá, ilẹ̀ tí a ó yá a àti irúgbìn ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, àwọn ará yóò sì bá a kọ ebè lọ́jọ́ kan. Wọn kì yóò dárúkọ ẹni tó rì í. Ẹ̀yin aríran, ẹ gbọ́ èyí dáadáa! Ní àsìkò Kérékou, ní nǹkan bí ọdún 1976, wọ́n ń mú àwọn ìyá arúgbó lórí ẹ̀sùn àjẹ́, wọ́n ń mú wọn jẹ́wọ́ lórí rédíò. Ọmọdé ni mí nígbà náà. A kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ti ilé Ọlọ́run jáde. Ọ̀rọ̀ ààlà, ti olórí abúlé ni, àti ti òfin ilẹ̀ tí ìjọba ṣe lọ́dún 2013.

Wọ́n á bi yín pé ṣé títí láé ni. Rárá o. Àfonífojì Ákórì tí wọ́n ti sọ Ákánì lókùúta, Hóséà 2:15 sọ ọ́ di ilẹ̀kùn ìrètí, Aísáyà 65:10 sì ní agbo màlúù yóò dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Oko arákùnrin wa ti pé ọdún mẹ́ta láìro, igbó ti bò ó. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé àdá wá yẹn wá bá a nílé, ó ní kí àwọn jọ pe olórí abúlé kó wá wo ààlà. Wọn kò tíì parí rẹ̀.

Ìdílé méjì mìíràn ni ọ̀rọ̀ wọn wà nílẹ̀ kí òjò tó dé, ilẹ̀ tí a ó yá wọn kò sì tó. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí kò ní lò lọ́dún yìí, tàbí irúgbìn ẹ̀wà, kó rí akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn.