Iṣan Ìmọ̀lára: Àmánà Ọlọ́hun Lára Wa, àti Gàrí Tí À Ń Tà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo rọ ara mi àti ẹ̀yin pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ànábì kọ́ wa pé àwọn onígbàgbọ́ òdodo dà bí ara kan ṣoṣo: bí ẹ̀yà kan bá ń jẹ̀rora, ìyókù kì í sùn. Kí ni ó ń gbé ìròyìn ìrora náà kiri ara? Iṣan ìmọ̀lára ni. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kì í sì í ṣe èyí tí ó so ẹran mọ́ egungun.

Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ní apá mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ń gba ìròyìn. Èkejì ni ara sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fọ́nrán tí ń gbé ìròyìn lọ. Fọ́nrán mìíràn ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó tó mítà kan. Ọ̀rá ni Ọlọ́hun fi wé púpọ̀ nínú wọn, bí a ti ń fi rọ́bà wé wáyà iná, kí ìròyìn lè yára. Òmíràn ń sáré ju mítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí fọ́nrán parí sí, àlàfo tín-ín-rín wà, èròjà kẹ́míkà ni ó sì ń gbé iṣẹ́ náà sọdá. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kú, púpọ̀ nínú wọn kì í ní arọ́pò.

Èyí kàn wá ní Àgbádárìgì, nítorí ẹ̀gẹ́ ni à ń gbìn, gàrí ni à ń yan. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn kan ní Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn ń kú, wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ojú àwọn mìíràn ń ṣókùnkùn. Ó so ó mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ti Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, ní Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn kánjú jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ìyá àgbà kankan. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn irọ́ kan aláìṣẹ̀.

Bí a bá lọ ẹ̀gẹ́, májèlé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án kí ó gbẹ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò lọ. Ẹja àti ẹ̀wà náà ń ran ara lọ́wọ́ láti lé ìyókù. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ọmọ ní gàrí lásán láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ìyá kan tí ń yan gàrí bi mí pé: “Alfa, oníbàárà dúró, owó ilé ìwé ọmọ sì ń dúró. Bí mo bá yan án lọ́jọ́ tí mo lọ̀ ọ́, ta ni yóò mọ̀?” Mo rán an létí pé Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà, ó bá a ní tútù nísàlẹ̀, ó sì bá ẹni tí ó fi í pamọ́ wí. Ẹni tó ra gàrí kò lè ti ọwọ́ bọ inú àpò kí ó fi mọ májèlé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àmánà. Ìyá náà dákẹ́, ó ní òun yóò jẹ́ kí ó kan. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe kán an lójú.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa gbé wa dé mọ́sálásí títí ọjọ́ ikú. Àmín.