Ìrókò Kò Ṣe É Gbìn Bí Gmelina

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún igbó ní 2012, gbogbo wa la jọ gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ìlù dún, àwọn àgbà ìlú wá, àwọn JSS 1 kọrin, a ya fọ́tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ka igi tí a gbìn: ogójì ni, gmelina sì ni gbogbo wọn. Ìrókò kankan ò sí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó kan ìrókò ẹ̀yìn ọjà wa.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kì í ṣe ọmọdé nídìí ọ̀rọ̀ igbó. Láti 1899 ni ìjọba ti ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀. Ní ọdún 1977, UNESCO ka igbó Omo, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí erin ṣì wà, mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé. Kódà igi wa gbé orúkọ rẹ̀ dání lọ sókè òkun: iroko, opepe, idigbo, abura làwọn oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè é. Yorùbá ni, wọn ò kàn fi àmì sí i ni!

Ilẹ̀ Éṣíà ni gmelina ti wá. Ìjọba gbìn ín lọ bẹẹrẹ sínú igbó Omo kí ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópin lè rí igi lò. Ó ń yára dàgbà, bí wọ́n bá sì gé e, á tún rú láti ìdí.

Ìrókò ò rí bẹ́ẹ̀. Akọ wà, abo wà. Abo nìkan ló ń so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tó ń gbé kóró rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá gbin kóró náà, á hù dáadáa o. Ìgbà tó bá yọ ewé tuntun ni wàhálà dé. Kòkòrò tíntín kan tó ń jẹ́ Phytolyma á yé ẹyin sí ọ̀mùnú rẹ̀. Bí ẹyin bá pa, ọmọ kòkòrò á wọ inú ewé, ewé á wú ní kókó-kókó, kókó á bẹ́, orí igi náà á sì jẹrà. Ó tún rú, kòkòrò tún dé. Bí a bá wá to ogójì ìrókò sójú kan nínú oòrùn, àsè la sè fún kòkòrò yẹn. Lábẹ́ ìbòòji igi mìíràn, tí wọ́n jìnnà síra, ó máa ń sàn díẹ̀.

Wọ́n fẹ́ gé ìrókò ẹ̀yìn ọjà kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan sọ fún mi pé, "Ṣebí ẹ ti gbin ogójì rọ́pò rẹ̀?" Mo lọ bi bàbá kan tó ń la pákó, wọ́n ní abo ni, ọdọọdún ló ń so. Ẹ sọ fún mi, gmelina wo ló máa so èso ìrókò? Ilẹ̀ ṣì wà lápá kejì ọjà, níwájú ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ṣọ́ọ̀bù máa gba ibẹ̀.

Sátidé ni ìpàdé ìlú. Olùkọ́ Báọ́lọ́jì wa ti gbà láti bá wa lọ. Lẹ́tà wa wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ní SS 2B. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó wá kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.