Ìrìn-àjò Ìdílé láti Ifẹ̀wàrà: Kí Ni Ọjọ́ Mẹ́ta Lè Gbà?

Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo kò jìnnà sí Ifẹ̀wàrà. Ìdílé tó bá ní mọ́tò lè jáde láàárọ̀, kó lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ bàálù wá wò, kó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ Yorùbá, Old Oyo National Park, wà ní apá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìrìn ọjọ́ kan sì ni kí èèyàn tó dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n tó rí ẹranko kankan. Ibi tí ìṣòro abilékọ kan tó jẹ́ tíṣà ní Ifẹ̀wàrà wà gan-an nìyí. Lẹ́tà rẹ̀ sọ pé ìdílé òun ti yá bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ìsinmi Kérésìmesì. Ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni yóò wọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ rí Ifẹ̀, omi Olúmirìn tó ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo àti ọgbà ẹranko. Ó tún béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe, nítorí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ díákónì, ti búra pé ọmọ òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ igbó òrìṣà.

Ọjọ́ mẹ́ta kò lè gba gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí wọ́n mú, kí ọgbà ẹranko dúró di ìgbà mìíràn. Bí wọ́n bá sì ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn kò nílò òtẹ́ẹ̀lì rárá: ilé ni wọn yóò máa sùn lálaalẹ́. Owó tí wọn ì bá san fún yàrá yóò di owó epo àti owó àbáwọlé, ìyá àgbà yóò sì máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Àsìkò náà ní tirẹ̀. Kò sí oṣù kan tí gbogbo ibi wọ̀nyí dára pọ̀ nínú rẹ̀. Omi Olúmirìn máa ń pọ̀, tó sì máa ń hó nígbà òjò, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni òkúta rẹ̀ ń yọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá, omi ti dínkù, ọ̀nà ti gbẹ, ó sì tẹ́ àwọn ọmọdé lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Àjọ̀dún Ọ̀ṣun wà ní oṣù Kẹjọ, èrò ìgbà náà kì í ṣe ti ìyá arúgbó. Ẹni tó fẹ́ rí igbó náà ní ìrọ̀rùn, kó lọ nígbà tí kò sí ọdún.

Ifẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ kò gba agbára ẹsẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tó tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, kì í gba èèyàn lákòókò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni ni kí wọ́n lo àsìkò sí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ààfin, hú àwọn orí idẹ jáde, tí ojú wọn rí bí ojú èèyàn gidi: ètè, ìpéǹpéjú, àti ìlà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Àwọn òyìnbó kan kò kọ́kọ́ gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe irú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Tíṣà kò ní ṣàìmọ bí yóò ṣe fi èyí kọ́ ọmọ. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, àwọn ọmọ lè rí egungun àti awọ ẹranko ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí wọ́n sì kọjá lọ́dọ̀ ère Mọrèmi tí wọ́n ṣí ní 2016.

Ọjọ́ kejì di ti Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá gba Òṣú kọjá, kí wọ́n ra àkàrà: ẹni tó gba Òṣú tí kò ra àkàrà, èrò ọkọ̀ á máa bi í léèrè. Ní Iléṣà, ère Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, wà láàárín ìlú, ìyá àgbà sì lè sọ ìtàn ogun Kírìjì fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn lọ́wọ́ kan, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ kejì; wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Olúmirìn ní ìpele méje. Ìtàn ìlú sọ pé Akinla, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n ń wá ibi tẹ̀dó. Ìpele àkọ́kọ́ ni ti gbogbo ènìyàn: àtẹ̀gùn wà débẹ̀, omi ń já wálẹ̀ láti òkè, àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àgbàlagbà lè jókòó sórí àpáta. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń gùn ún: gbòǹgbò igi ni wọ́n ń dì mú, ewédò tó bo òkúta sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kí ìyá àgbà àti ọmọ kékeré dúró ní ìpele àkọ́kọ́, kí baba mú àwọn tó dàgbà gòkè pẹ̀lú afinimọ̀nà. Bàtà onítáyà tó lè di ilẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí òjò bá ṣú lápá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lókè, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ kíá. Òòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀ nígbà tí omi ti ń kún lókè.

Ọjọ́ kẹta ni ti Òṣogbo, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ díákónì ti wọlé. Kò ní dára láti parọ́ fún un pé igbó náà kì í ṣe ojúbọ. Ojúbọ ni, àwọn olórìṣà ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀, Arugbá ń rugbá lọ sí odò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni pẹ̀lú, láti 1965; àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń mójú tó o. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé, ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur ti 1999. Hẹ́kítà 75 ni, irú ewé àti igi tó ń hù níbẹ̀ lé ní irinwó, èyí tó sì jẹ́ egbòogi nínú wọn ju igba lọ. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 tí wọ́n ń gé igi rẹ̀, Susanne Wenger láti Ọ́stríà, tí ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dúró ti igbó náà títí ó fi kú ní 2009. Òun àti àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú, bíi Adébísí Àkànjí, ló mọ àwọn ère ńláńlá tó wà níbẹ̀.

Àlejò ń san owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún un ní afinimọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó kúnlẹ̀. Bí díákónì bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo èyí, kó má wọlé. Kó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tàbí kó kọjá sọ́jà. Ohun tí kò yẹ ni kí ìyàwó fọgbọ́n kó àwọn ọmọ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún kì í gba àṣírí, ìjà tó bá ti ibẹ̀ wá yóò pẹ́ ju ìrìn-àjò lọ. Kí tọkọtaya parí rẹ̀ nílé ṣáájú ọjọ́ náà.

Nínú igbó, wọn kì í pẹja, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í ya ewé. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò ẹni tó ń jọ́sìn. Kí ọmọ má fi bisikí sọ́wọ́, ọ̀bọ á já a gbà. Omi odò náà kì í ṣe mímu, bí ẹnikẹ́ni ti wù kó rọ̀ wọ́n. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n má mu ún, nítorí omi ti pọ́n bí amọ̀, wíwa góòlù ní òkè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì dá a lẹ́bi fún. Ọmọ Ifẹ̀wàrà mọ ihò góòlù lójú. Yóò yé e bí ẹrẹ̀ ihò ṣe ń di omi odò Òṣogbo.

Ó wá ku ọgbà ẹranko. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, àwókù Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́, sì wà nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín àti ọ̀bọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n koríko gíga máa ń bò wọ́n nígbà òjò. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin ni wọ́n ń jáde wá sí etí omi. Nítorí náà, ìsinmi Àjíǹde ni yóò bá ìdílé yìí mu jù. Kí ọkọ pe ọ́fíìsì ọgbà náà ní Ọ̀yọ́ ṣáájú, kó béèrè bí ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, ẹnubodè tó ṣí, àti bóyá àyè wà ní ilé àlejò. Láti Ọ̀yọ́, wọ́n á gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí; kí epo kún táǹkì, kí táyà sípíà le dáadáa, kí ilẹ̀ má ṣú wọn sójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni yóò mú wọn wọlé, ọkọ̀ kì í dá wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà lè dúró sílé nígbà yẹn.