Ìwé Ìrìnnà fún Gbogbo Ilé

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Ẹ̀kọ́ òní yóò fi hàn yín ohun tí orúkọ tí a kọ dáadáa lè ṣe fún ènìyàn, àti ohun tí àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ni a fẹ́ sọ, èyí tí a máa ń pè ní páásípọ́ọ̀tù. Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé ni ti Nàìjíríà. Òun ni ìjọba wa fi ń sọ fún ìjọba ìlú òkèèrè pé, "Ọmọ wa ni ẹni yìí." Ẹni tí kò bá ní i, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó fẹ́ wọ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó. Ní ọdún 1951 ni ọkọ̀ Aureol bẹ̀rẹ̀ sí ná Liverpool àti Èkó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń lò lójú òkun. Lóde òní, ọkọ̀ òfuurufú ni a ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbafẹ́ ni wọ́n ń gbé ènìyàn lọ fún. Inú ọkọ̀ ni a ó máa sùn, inú rẹ̀ ni a ó máa jẹun. Ọkọ̀ yóò máa yà láti èbúté kan sí òmíràn, títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra. Southampton, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÌDÍLÉ KAN

A mọ ìdílé kan ní Ìbàdàn. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n: bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́ta. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè wọ́n ní Oyewole, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn.

Àbúrò bàbá ń gbé ní London. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wá nígbà ìsinmi ilé-ìwé, kí gbogbo wọn jọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti Southampton. Ó ti san owó ọkọ̀ fún gbogbo wọn. Inú ilé dùn. Ìyá ti rán aṣọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ìwé ìrìnnà. Bàbá àti àwọn ọmọ méjì àgbà rí tiwọn gbà. Nígbà tí ó kan ìyá, òṣìṣẹ́ wo àwọn ìwé rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Oyewole ni ó wà nínú ìwé ìgbéyàwó yín. Oyewale ni ó wà lórí NIN yín. Ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó padà wá."

Lẹ́tà kan péré ni. Báwo ni ó ṣe débẹ̀? Ní ọjọ́ tí ìyá lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹni tí ó ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Ó bi í pé, "Ṣé ó tọ̀nà, Mà?" Ìyá kò mọ̀wé kà nígbà náà. Ojú sì tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó tọ̀nà, ọmọ mi."

Ọmọ kékeré ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n rò pé ìyá rẹ̀ yóò kàn gbé e dání ni. Wọn kò tíì gba ìwé ọjọ́ ìbí fún un rárá.

Kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọkọ̀ ti lọ. Bàbá àti ọmọ méjì ni ó bá a lọ. Ìyá àti ọmọ kékeré jókòó sílé. Owó ọkọ̀ tí a san fún àwọn méjèèjì kò padà wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó dun ìyá jù. Ó sọ fún wa pé, "Wọ́n fi orúkọ mi hàn mí, n kò mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó wọ kíláàsì wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

1. Kí á tètè bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé ìrìnnà gbogbo ilé wà lọ́wọ́ kí á tó san owó ọkọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò pọ̀ jù.

2. Olúkúlùkù ni yóò ní tirẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá yóò ní tirẹ̀.

3. Kí á wá ìwé ọjọ́ ìbí. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni ó ń fún ni. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí yóò tún kọ lẹ́tà pé àwọn fọwọ́ sí i kí ọmọ náà gba ìwé ìrìnnà.

4. Kí á yẹ NIN wò. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ni nìyí. Fígọ̀ 11 ni ó ní. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ó wà lórí NIN ni wọn yóò lò fún ìwé ìrìnnà. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ tún un ṣe.

5. Kí orúkọ rí bákan náà lórí gbogbo ìwé. Ìwé ìrìnnà kì í kọ àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà bí àwa ti ń kọ ọ́. Ẹni tí ó ń jẹ́ Ṣẹ́gun lè rí Segun níbì kan, kí ó rí Shegun níbòmíràn. Lójú wa, ènìyàn kan ni. Lójú ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò ní ibodè, ó lè jẹ́ ènìyàn méjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

6. Kí á mọ iye owó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé olójú-ewé 32 tí ó ń lo ọdún 5 di ₦100,000 ní Nàìjíríà. Ti olójú-ewé 64 tí àwọn àgbàlagbà lè fi lo ọdún 10 di ₦200,000. Kí ẹ tó san, ẹ bèèrè bóyá iye náà ti yí padà.

7. Kí á má ṣe kó owó lé alágbàtà lọ́wọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ìwé Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà, ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń sanwó. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Bí ẹ kò bá mọ kọ̀ǹpútà lò, ọmọ yín lè bá yín tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á.

8. Ní ọjọ́ tí a dá fún wa, gbogbo ilé ni yóò lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà. Wọn yóò ya fọ́tò wa, wọn yóò gba àmì ìka wa, a ó sì buwọ́ lù ú.

9. Bí ìwé bá ti dé ọwọ́ wa, kí á kà á kí á tó kúrò níbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí a bí wa sí, àti ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í gba ìwé tí ọjọ́ tí ó kù fún un kò tó oṣù mẹ́fà.

10. Kí á bèèrè gbogbo ibi tí ọkọ̀ yóò yà sí. Ọmọ Nàìjíríà tí yóò wọ ọkọ̀ ní Southampton nílò físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkọ̀ náà yóò bá yà sí Faransé, Spéìn tàbí Pọ́túgàl, ó tún nílò físà Schengen. Nítorí pé ọkọ̀ yóò padà sí Southampton, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó gba ènìyàn láàyè láti jáde kí ó sì tún wọlé.

ÌYÁ PADÀ LỌ

Ọdún kan gbáko ni ìyá yìí lò ní kíláàsì wa. Lẹ́yìn tí wọ́n tún NIN tirẹ̀ ṣe, ó lọ gba ti ọmọ kékeré. Ó ní kí á bá òun lọ, a sì bá a lọ.

Ọmọkùnrin tí ó ń tẹ̀wé tẹ orúkọ ọmọ náà. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí ìyá. "Ṣé ó tọ̀nà, Mà?"

A kò sọ̀rọ̀. Ìyá fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró.

"Ọmọ mi, kò tọ̀nà. Lẹ́tà O ni ó yẹ kí ó wà níbí yìí. A ni o tẹ̀."

Ọmọkùnrin náà wò ó. "Ẹ má bínú, Màmá. Òótọ́ lẹ sọ."

Ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Èyí tí a kò kà ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó gbà.

Ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, wọ́n bi ìyá bóyá yóò tẹ̀ka tàbí yóò buwọ́ lù ú. Ó ní òun yóò buwọ́ lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ tán.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwa ń fi kún un pé, kí á tó fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ìdálẹ̀, kí á kà á dáadáa. Àbúrò bàbá ti tún ránṣẹ́ pé kí wọ́n múra fún ọkọ̀ mìíràn. Bí ìyá ti gbọ́, ó kó ìwé ìrìnnà márààrùn-ún jọ, ó jókòó, ó sì ka ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò parí.

ÌBÉÈRÈ

1. Lẹ́tà wo ni wọ́n ṣì kọ nínú orúkọ ìyá?
2. Kí ni ìdí tí ọmọ kékeré kò fi lè lọ?
3. Bí ènìyàn márùn-ún bá gba ìwé ọlọ́dún 5 ní ₦100,000, èló ni gbogbo rẹ̀? (Ìdáhùn: ₦500,000.)
4. Bí bàbá àti ìyá bá gba ti ọlọ́dún 10 ní ₦200,000, tí ọmọ mẹ́ta gba ti ọlọ́dún 5, èló ni? (Ìdáhùn: ₦700,000.)
5. Ẹ kó ìwé mẹ́ta tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ jáde nílé lálẹ́ òní. Ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣé wọ́n rí bákan náà? Ẹ kó wọn wá sí kíláàsì bí wọn kò bá rí bákan náà, kí á jọ wò ó.